Tìjọba ni BBC, tìjọba ni rédíò wa: kí ló wá mú wọn yàtọ̀?

Olùkọ́ kan láti Ìsánlú, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, kọ̀wé sí mi báyìí:

"Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Ọ̀nà tó ti Kàbà lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá sísọ, àwọn ajínigbé sì ti sọ gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti ń rọra rìn di oko ọdẹ wọn. Síbẹ̀, bí mo bá tan rédíò ìjọba láàárọ̀, àlejò tí àwọn aláṣẹ gbà ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ, ohun tí wọ́n pín fún aráàlú ló máa tẹ̀lé e. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní kí n máa ka BBC Yorùbá. Mo ní ṣebí tìjọba ni BBC náà, ìjọba òyìnbó ló ni ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ wọ́n máa ń bá olórí ìjọba wọn wí, àwọn tiwa kò jẹ́ dán an wò. Ṣé bó ṣe rí káàkiri ayé nìyẹn? Kí ló mú tiwa yàtọ̀, ta sì ni kí n gbà gbọ́?"

Òkun o, olùkọ́ wa. Ẹ kú ìfaradà ọ̀nà yẹn. Mo kà ìbéèrè yín, inú mi sì dùn pé ilé yín ni àríyànjiyàn náà ti bẹ̀rẹ̀, láàárín òbí àti ọmọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ rí nǹkan tó jẹ́ òótọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹnu ilé iṣẹ́ ìròyìn kan yóò ṣe rí, ẹ má tíì béèrè ẹni tó ni ín. Ẹ béèrè ibi tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń wá, kí ẹ sì béèrè ẹni tó lè lé ọ̀gá ibẹ̀ lójijì. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Gbogbo ètò ìròyìn tí ẹ rí láyé, ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbà ń wá ẹni tí yóò bọ́ akọ̀ròyìn ni, kó má baà jẹ́ pé ẹni tó bọ́ ọ ló máa dí i lẹ́nu.

Ẹ wo BBC. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ rédíò ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1922 kí ọjà wọn lè tà, ìgbà tó di 1927 ló di àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìwé àṣẹ ọba. Inú àpò ìjọba kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ti ń wá. Ìdílé tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń san owó ìwé àṣẹ lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹrin 2025, ó di pọ́n-ùn 174 àti pẹ́ńsì 50. Olórí ìjọba kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní kí wọ́n má san owó oṣù wọn. Kò sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ lé ọ̀gá àgbà, nítorí ìgbìmọ̀ alábòójútó ló ń gbà á síṣẹ́, àwọn náà ló sì lè dá a dúró. Ní 1956, nígbà tí Anthony Eden, olórí ìjọba wọn, kó ọmọ ogun lọ sí Suez ní Íjíbítì, BBC fún Hugh Gaitskell, olórí ẹgbẹ́ alátakò, láyè láti bọ́ sórí afẹ́fẹ́ kó sì ta ko ogun náà, nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́. Inú bí Eden gidi. Gaitskell sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Àmọ́ kí ọmọ yín má rò pé wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba pátápátá. Ìjọba ló ń yan alága ìgbìmọ̀ náà, ìjọba ló ń pinnu iye tí owó ìwé àṣẹ yóò jẹ́, ìwé àṣẹ ọba tó wà nílẹ̀ báyìí yóò sì parí ní ìparí 2027, wọ́n á tún jọ jókòó dúnàádúrà. Ẹni tó mọ̀ pé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ máa ń ṣọ́ ohun tó ń sọ. BBC Yorùbá gan-an, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2018 pẹ̀lú ti Ígbò, owó àkànṣe tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ló gbé e dìde, torí wọ́n fẹ́ kí ohùn ilẹ̀ wọn máa dún káàkiri ayé. Mò ń kà á lójoojúmọ́, mo sì gbà á gbọ́ lórí ọ̀pọ̀ nǹkan. Mo kàn mọ ibi tí owó rẹ̀ ti wá ni.

Jámánì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, torí ohun tí ojú wọn rí ló kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní 1933, Goebbels tó fi ṣe mínísítà mú kí wọ́n ṣe rédíò olówó pọ́ọ́kú kí tálákà náà lè ní in nílé. Rédíò wọ ọ̀pọ̀ ilé lóòótọ́, àmọ́ ohùn kan ṣoṣo ló ń ti inú rẹ̀ jáde, ẹ sì mọ ibi tí ohùn yẹn kó wọn lọ. Lẹ́yìn ogun, wọ́n pín iṣẹ́ rédíò sí ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ kó má baà sí ẹnì kan tó lè gbá gbogbo rẹ̀ mú mọ́. Nígbà tó yá, Konrad Adenauer tó jẹ́ olórí ìjọba fẹ́ dá tẹlifíṣọ̀n kan sílẹ̀ tí yóò wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kejì 1961, ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó òfin ìpìlẹ̀ wọn dá a lẹ́bi, ó ní ilé iṣẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n kò gbọdọ̀ bọ́ sábẹ́ ìṣàkóso ìjọba.

Lónìí, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Jámánì ń san yúrò 18 àti sẹ́ǹtì 36 lóṣù, yálà wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n nílé tàbí wọn kò ní. Ìgbìmọ̀ àwọn amòye tí kì í ṣe olóṣèlú ló máa ń ṣírò iye tó yẹ kó jẹ́. Nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí aṣojú ìjọ Ọlọ́run, ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti àwọn àgbẹ̀, ti àwọn eléré ìdárayá. Àwọn olóṣèlú náà kò sì ṣíwọ́ àtiyọ́ wọlé, títí ilé ẹjọ́ kan náà fi ní láti sọ ní 2014 pé àwọn olóṣèlú àti èèyàn ìjọba kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú ìgbìmọ̀ ZDF, ọ̀kan lára àwọn tẹlifíṣọ̀n aráàlú wọn. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn. Wọn kò sọ pé àwọn ní olóṣèlú rere. Wọ́n gbà pé olóṣèlú yóò máa gbìyànjú, wọ́n sì dá ilé ẹjọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ lè ní òyìnbó nìyẹn, wọ́n lówó. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí Gánà. GBC, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wọn, tìjọba ni. Ìwé ìròyìn Daily Graphic, tìjọba ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ òfin ìpìlẹ̀ wọn ní 1992, wọ́n ya odidi orí kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìròyìn, wọ́n sì dá National Media Commission sílẹ̀. Lára iṣẹ́ tí òfin gbé lé àjọ yìí lọ́wọ́ ni pé kó dáàbò bo àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn tìjọba kúrò lọ́wọ́ ìjọba. Àjọ náà ló ń yan àwọn ìgbìmọ̀ tó ń darí wọn. Ó máa ń fọ̀rọ̀ lọ ààrẹ, àmọ́ ààrẹ kọ́ ló ń yàn. Ní 2001, wọ́n tún fagi lé òfin tó ń mú kí akọ̀ròyìn ṣẹ̀wọ̀n torí pé ó ba ẹnì kan lórúkọ jẹ́. Ìyẹn kò ní kí wàhálà tán: oṣù kìíní 2019 ni wọ́n yìnbọn pa Ahmed Suale, akọ̀ròyìn tó máa ń tú àṣírí, ní Accra. Síbẹ̀, ẹ wò ó. Orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, ó ní rédíò tìjọba bíi tiwa, ó sì kọ ọ́ sínú òfin pé ọwọ́ ààrẹ kò gbọdọ̀ tó o. Kò ná wọn ní owó epo rọ̀bì kí wọ́n tó kọ ọ́.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà ọjà. Láti 1791 ni àtúnṣe àkọ́kọ́ sí òfin ìpìlẹ̀ wọn ti sọ pé ilé aṣòfin kò gbọdọ̀ ṣe òfin tó máa gé òmìnira ìwé ìròyìn kù, wọ́n sì fi àwọn tó ń polówó ọjà sílẹ̀ kí wọ́n máa bọ́ àwọn akọ̀ròyìn. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́, títí Google àti Facebook fi kó ìpolówó lọ. Nínú àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n ní ní 2005, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta tó ti kógbá sílé, ti àwọn ìlú kéékèèké ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tilẹ̀ wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn ìlú kan bá kú: èlé tí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ń san lórí owó tó bá yá máa ń lọ sókè, torí àwọn tó ń yá wọn lówó mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ àpò mọ́. Owó tí ìjọba àpapọ̀ wọn fi ń ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aráàlú lẹ́yìn láti 1967, ilé aṣòfin fagi lé e ní 2025, ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ìgbèríko ni ìyà irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé. Ó dùn mí, torí ará ìgbèríko ni àwa náà.

Ní Íńdíà, FM aládàáni pọ̀, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí wọ́n kọ ìròyìn tiwọn. Ti All India Radio, tó jẹ́ tìjọba, nìkan ni wọ́n lè gbé sáfẹ́fẹ́. Ní Ṣáínà, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba ló ń darí ilé iṣẹ́ ìròyìn Xinhua, wọn kò sì fi bò.

Ó kan tiwa. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí, èyí tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì, bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ọwọ́ ìjọ àti ọwọ́ aládàáni ni ìwé ìròyìn ti wá bá wa, ó sì ti lẹ́nu láti kékeré. Ọwọ́ ìjọba amúnisìn ni rédíò ti wá. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó na Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́gba ọ̀rọ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì níbẹ̀, wọ́n kọ̀. Ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí WNTV, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Ìbàdàn kì í ṣe tiwa nígbà náà. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni ẹkùn Kàbà wà, Kàdúná sì ni ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Àríwá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 wà. Lẹ́yìn ìyẹn, a di ara Kwara, ìròyìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ìlọrin wá. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, ó ń ti Lọ́kọ́ja wá. Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú, Owé, Òwòrò, ẹlòmíì ló máa ń jókòó sí olú-ìlú láti pinnu ohun tó jẹ́ ìròyìn nínú ọ̀rọ̀ wa. (Kódà orúkọ Nàìjíríà gan-an, inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn obìnrin, ti dá a lábàá ní oṣù kìíní 1897. Òun ló wá fẹ́ Lugard, ẹni tó kéde ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí Àríwá ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Ó ti pẹ́ tí ẹni tó wà lókèèrè ti ń sọ wá lórúkọ.)

Òfin wa kò burú lójú ìwé. Abala 22 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní kí ilé iṣẹ́ ìròyìn máa mú kí ìjọba jíhìn fún aráàlú. Abala 39 fún wa lómìnira ọ̀rọ̀ sísọ, àmọ́ inú abala yẹn náà ni wọ́n ti sọ pé ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ lè dá rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ẹlòmíràn kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ àfi kó gba àṣẹ ààrẹ. Òfin ológun kan ní 1992 ló tó ṣí ilẹ̀kùn fún aládàáni, tó sì dá àjọ NBC sílẹ̀ láti máa bójú tó wọn. Ibí yìí ni mo ti ń fi ìbéèrè kẹta kún àwọn méjì tí mo sọ lókè: ta ló lè gba ìwé àṣẹ? Ní oṣù kẹjọ 2022, NBC kéde pé òun ti gba ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ 52 nítorí gbèsè, kó tó wá dáwọ́ dúró. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó jẹ gbèsè, tó sì mọ̀ pé irú nǹkan báyìí lè dé nígbàkigbà, báwo ni yóò ṣe ṣe ètò tó máa bí aláṣẹ nínú ní Abújá?

Ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yá jù. Káàkiri Nàìjíríà, gómìnà ló ń yan ọ̀gá àgbà, inú ètò ìsúná ìpínlẹ̀ ni owó oṣù ti ń wá. Bí gómìnà bá fẹ́ lé e lọ́la, ìkéde kan ṣoṣo ti tó, ilé iṣẹ́ ọ̀hún gan-an ni yóò sì kà á sáfẹ́fẹ́. Akọ̀ròyìn tó wà níbẹ̀ lè mọṣẹ́ dáadáa. Mo mọ àwọn ọmọ tó gbọ́n, tó sì nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yìí dénú, tí owó oṣù wọn kì í pé, tó jẹ́ pé "owó ọkọ̀" tí ẹni tó pe ìpàdé oníròyìn bá fún wọn ni wọ́n fi ń jẹun. Mi ò lè fojú burúkú wò wọ́n. Ẹni tó gbé wọn sí ipò yẹn ni mo ń bá wí.

Ẹ dán èyí wò láàárọ̀ ọ̀la. Bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀, ẹ mú bíríò. Lábẹ́ ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú gbólóhùn àkọ́kọ́: gómìnà ni, kọmíṣọ́nà ni, àbí ìyá kan tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ lọ lójú ọ̀nà? Ẹ tún tẹ́tí sí ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. "Nínú àtẹ̀jáde kan tí akọ̀wé ìròyìn fọwọ́ sí" túmọ̀ sí pé akọ̀ròyìn kankan kò débẹ̀, ìwé ni wọ́n kà. Kí ẹ má sì pa rédíò nígbà tí wọ́n bá dé orí ìkéde òkú. Orúkọ olóògbé, oríta ilé wọn, alẹ́ àìsùn, ìlú tí wọ́n ti máa sin ín, orúkọ àkọ́bí tó fọwọ́ sí i. Ìkéde yẹn ni òótọ́ rẹ̀ máa ń pé jù lọ lórí rédíò ìjọba, mo sì ń sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ló san owó rẹ̀, àwọn náà ló jókòó ti rédíò, bí wọ́n bá sì ṣi orúkọ kan kà, ọmọ olóògbé á ti dé ẹnu ọ̀nà wọn kí oòrùn tó kan àtàrí.

Kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn máa fi owó ara wọn bọ́ rédíò, ohun tí àwọn awakùsà Bòlífíà ní Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe nìyẹn, láti ìparí àwọn ọdún 1940 lọ sókè. Wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn, wọ́n fi ń tọ́jú rédíò tiwọn lórí òkè, wọ́n ń fi èdè tiwọn sọ̀rọ̀. Léraléra ni àwọn ológun wá fọ́ ọ, léraléra ni wọ́n tún un ṣe. Nílẹ̀ wa, NBC máa ń fún àwùjọ ní ìwé àṣẹ rédíò tí kò wà fún èrè, òfin kò sì gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹ̀sìn gbà á. A ní ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ní gbogbo ìlú, láti Ìyàrà dé Mọ̀pà, tí wọ́n ti fi owó ara wọn kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Wọ́n lè ṣe rédíò. Ohun tí mo máa bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n fi ààlà sí iye tí ẹnì kan lè dá, torí bí ọmọ ìlú kan tó lówó ní Abújá bá dá ìdajì, ọdún ìdìbò ló máa wá gbà á padà.

Ta wá ni kí ẹ gbà gbọ́? Ẹ gba kálukú gbọ́ níbi tí ẹni tó ń bọ́ ọ kò ti ní nǹkan kan láti pàdánù. Tí rédíò ìjọba bá sọ ọjọ́ ìwọlé ilé ìwé, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ ìdánwò, ẹ gbà á. Tó bá ń sọ bí ìjọba ṣe ṣe dáadáa tó, ẹ wá ẹlẹ́rìí míì. BBC ṣeé gbára lé lórí Abújá àti Lọ́kọ́ja. Lórí ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe lókèèrè, ẹ ka ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ aládàáni tí olóṣèlú ni máa ń sọ òótọ́ nípa ọ̀tá olóṣèlú náà. Ti WhatsApp ló le jù, torí kò sí ẹni tí ẹ lè lọ bá. Nígbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ pé wọ́n ti jí èèyàn gbé, ẹ béèrè àárín ìlú wo sí ìlú wo, ní aago mélòó, kí ẹ sì pe ẹnì kan tó ń gbé níbẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ní ti ọ̀nà yẹn, ẹ kò nílò láti dúró de rédíò kankan. Láti oṣù karùn-ún 2011 la ti ní òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀nà tìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà Kàbà sí Ìlọrin, tí ọ̀nà Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀ yín jẹ́ ara rẹ̀, torí náà iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde ni ẹ ó kọ̀wé sí. Ojú ewé kan ti tó. Ẹ béèrè iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, orúkọ rẹ̀, iye tí wọ́n ti san, ibi tí iṣẹ́ dé àti ọjọ́ tó yẹ kó parí. Òfin kò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí wọ́n bá sọ pé iṣẹ́ pọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ méje míì kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ìwé náà lọ, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i, kó sì kọ déètì. Bí èsì bá dé, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí gbogbo ilé iṣẹ́ tí ẹ mọ̀, títí kan BBC Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín tẹ̀ ẹ́.